Odì Tó Wọ Ẹ̀gbọ́n Mi Lára

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò na ìyàwó rẹ̀ rí. Mo fẹ́ tètè sọ èyí, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí bí mo bá ti ní ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ikú wọn. Kò nà wọ́n, kò lé wọn jáde, kò febi pa wọ́n. Ohun tó ṣe ni pé ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó yàn wọ́n lódì nínú ilé tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé, ọdún ń gorí ọdún, títí ara wọn kò fi lè bá àìsàn jà mọ́.

Ẹ ó rí i pé "wọ́n" ni mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi, tí mo sì ń pe ọkọ wọn ní "ó". Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ọkùnrin náà jù mí lọ dáadáa, ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kúnlẹ̀ kí i. Mi ò kúnlẹ̀ mọ́.

Abúlé kan ní Lágelú ni ilé wọn wà. Bí ẹ bá dé Ìyànà Ọ̀fà, ẹ ó gun ọ̀kadà, ẹ ó sì gba ọ̀nà eruku kan lọ títí ẹ ó fi rí mọ́ṣáláṣí kékeré tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Ọkọ wọn ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ẹ̀gbọ́n mi sì ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú obìnrin kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwọn. Obìnrin líle ni wọ́n nígbà náà. Bí ibà bá dá agbo ilé dùbúlẹ̀ lásìkò òjò, àwọn ni wọ́n máa ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná kiri fún àwọn tó kù. Mo máa ń fi wọ́n ṣàwàdà pé irin ni wọ́n fi dá wọn, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ọmọ wọn obìnrin ló dá ohun gbogbo sílẹ̀. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé girama, orí rẹ̀ sì pé. Bàbá rẹ̀ ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá sọ ọ́ pé òun yóò fi ọmọ náà fún un gẹ́gẹ́ bí ìyàwó kejì. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, wọ́n gbé àpò gàrí lé ọmọ lórí bíi pé ọjà ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì mú un wá bá mi ní Olódò, níbi tí mo ti ń ránṣọ.

Wọ́n ní, "Bá mi gbà á sọ́dọ̀. Jẹ́ kó kàwé. Èmi á lọ gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ bá fẹ́ sọ."

Ọkọ wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n délé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sọ ibi tí ọmọ wà, wọ́n sì ń dúró de ariwo. Ó wò wọ́n, ó dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá. Wọ́n rò pé ó di lẹ́yìn ìrun. Nígbà tó kírun tán, ó yíjú sí ìyá rẹ̀ arúgbó tó ń bá wọn gbé, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún un kó gbé oúnjẹ mi wá." Ẹ̀gbọ́n mi dúró síbẹ̀, kò sí ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ láàárín wọn.

Bí odì náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá arúgbó yẹn kò fẹ́ràn iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé nígbà mìíràn ìyá náà máa ń dá a lóhùn pé, "Ṣé adití ni ìyàwó rẹ ni?" Síbẹ̀ ó ń jẹ́ iṣẹ́ náà, ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, ó ń gbé e bọ̀, nínú yàrá kan náà. Nígbà tí Ọlọ́run wá pe ìyá náà, mo rò pé ọ̀ràn náà ti parí, nítorí kò sẹ́ni tí ọkọ wọn yóò máa gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò tíì mọ irú ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́. Ewúrẹ́ kan wà tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Ewúrẹ́ yẹn ló kù tó ń bá sọ̀rọ̀. Á jókòó sórí àga rẹ̀, á kọjú sí ewúrẹ́, á ní, "Omi ìwẹ̀ ò tíì gbóná lónìí." Ẹ̀gbọ́n mi á sì lọ gbé omi kaná.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kì í ṣe oníjà tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń le. Gbogbo abúlé ló fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá wá kí wọn, á ti máa pè mí láti òkèèrè, "Ìyàwó mi kékeré, ṣé aṣọ tó o bá mi rán kò ní pé ọdún kó tó jáde?" Á rẹ́rìn-ín títí ejìká rẹ̀ á máa mì. Lójúde, ẹ ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé òun ni aláwàdà wọn. Tó bá ti fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà báyìí, ohùn yẹn á gé.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kan tá a jọ ń bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n ní, "Bí mo bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, àyà mi á máa lù kì-kì-kì. Mi ò mọ ohun tí mò ń bẹ̀rù. Ó dà bíi pé nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Kò sì ní ṣẹlẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, á tún dà bíi pé ó fẹ́ ṣẹlẹ̀."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ bá àwọn àgbà ilé wọn."

A lọ. Olórí ẹbí jókòó láàárín, ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ sórí ẹní.

"Ṣé ó nà ọ́ ni?"

"Rárá, bàbá."

"Ṣé kò fún ọ lóúnjẹ ni?"

"Ó ń gbé e sílẹ̀, bàbá."

"Ṣé ó kó obìnrin wọlé?"

"Rárá, bàbá."

"Kí wá ni ẹ̀sùn rẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi ronú orúkọ tí wọn yóò pe ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní, "Kì í bá mi sọ̀rọ̀." Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó jókòó fẹ́ rín ẹ̀rín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Olórí ẹbí ní ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ni ọkùnrin tí kì í bú ènìyàn, kí wọ́n lọ ní sùúrù. Wọ́n dúpẹ́. Èmi náà dúpẹ́, nítorí ọmọ ilé rere ni wá.

Lẹ́yìn èyí ni ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bákan. Ọ̀fìnkìn mú wọn, kò lọ. Ẹnu wọn á sè, egbò á kún inú rẹ̀, yóò jinná, yóò tún sè. Ibà tó jẹ́ pé wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ mọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn dè lórí ẹní. Wọ́n ń ra oògùn lọ́dọ̀ akẹ́míìsì, wọ́n ń lò ó, ara á yá díẹ̀, nǹkan mìíràn á tún yọjú. Nígbà tó yá, èròrò sú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, ó to láti ẹ̀yìn bọ́ sí abẹ́ ọmú bí ìgbà tí wọ́n fi bẹ́líìtì iná na ènìyàn. Aṣọ kò ṣeé fi kàn án. Àwọn aládùúgbò ní májèlé ni, àwọn mìíràn ní àfọ̀ṣẹ ni. Ọkọ wọn rí wọn tí wọ́n dùbúlẹ̀ láìwọ bùbá, ó gba ibẹ̀ kọjá, ó mú kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀, ó lọ kírun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àgbada tí wọ́n fi ń yan gàrí yẹ̀. Ààrò ẹ̀yìnkùlé ti gbó, àwọn àti obìnrin tí wọ́n jọ ń yan gàrí sì jókòó tì í. Ẹsẹ̀ ààrò kan ya, àgbada gbígbóná sì kan àwọn méjèèjì lápá lẹ́ẹ̀kan náà. Iná kan náà, ọjọ́ kan náà, ìpara kan náà ni mo rà wá fún wọn láti Olódò. Obìnrin kejì ju ẹ̀gbọ́n mi lọ lọ́jọ́ orí, ó tún sanra ju wọn lọ. Kó tó di Iléyá, apá tirẹ̀ ti gbẹ, ó ti ń fi ro àmàlà. Ti ẹ̀gbọ́n mi pupa síbẹ̀ bí ẹran tútù. Omi ń sun jáde nínú rẹ̀. Nígbà tó ń rùn ni mo ní mi ò gbà mọ́, mo sì mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ìhà Alákíà.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò níbẹ̀. Kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà. Kì í ṣe éèdì. Dókítà tó rí wa jẹ́ obìnrin tí kò dàgbà púpọ̀, ó sì ní sùúrù. Ó wo apá, ó wo àpá èròrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹun àti bí wọ́n ṣe ń sùn. Ó wá gbé bírò sílẹ̀.

"Mọ́mì, ta ni ẹ máa ń bá sọ̀rọ̀ nílé?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Wọ́n ní, "Ewúrẹ́ wa." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn nìkan ló rẹ́rìn-ín, nígbà tó sì yá ẹ̀rín náà di ẹkún, wọ́n fi ìborùn bo ojú. Ọkọ̀ òfuurufú kan ń gbéra lọ lókè, ariwo rẹ̀ bo gbogbo yàrá. Dókítà dúró kó kọjá kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ gbọ́, Mọ́mì. Ọpọlọ yín àti àwọn ọmọ ogun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín máa ń ránṣẹ́ síra wọn. Bí ejò bá yọ sí ènìyàn, ọpọlọ á pariwo, àyà á já, gbogbo ara á dìde. Ejò bá lọ, ara á sinmi. Ẹ̀rù tí kì í lọ ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá a sùn, tẹ́ ẹ bá a jí? Ọpọlọ ò ní yéé pariwo. Tó bá pẹ́, ariwo yẹn máa ń dá àwọn ọmọ ogun náà lágara. Ọgbẹ́ á pẹ́ kó tó jinná. Èyí tó yọ sí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí, ṣíkìnpọ́ọ̀sì tó sú yín lára nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé ni. Kò jáde lára látìgbà yẹn, inú iṣan ló sá pamọ́ sí. Nígbà tó rí i pé àwọn tó ń ṣọ́ ọ ti sùn, ló jáde."

Mo ní, "Ọkọ wọn ló fà á nìyẹn?"

Ó mi orí. "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. A ò tíì mọ gbogbo rẹ̀ tán. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, àìsùn wà níbẹ̀, bóyá oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Ẹ máa lo oògùn yín, ẹ má ṣe jù ú nù. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìpara nìkan ò lè dá a ṣe. Ṣé ọkọ wọn lè wá kí n bá a sọ̀rọ̀?"

Èmi ni mo lọ jẹ́ iṣẹ́ náà fún un. Mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò, mo sọ gbogbo ohun tí dókítà sọ, mi ò fi ìkankan pamọ́. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní, "Èmi ò ṣàìsàn." Ó sì bi mí bóyá aṣọ rẹ̀ ti jáde.

Mi ò padà sí Olódò láìmú ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Mo di aṣọ wọn sínú àpò, ó rí wa nígbà tá à ń jáde, kò ní kí wọ́n lọ, kò ní kí wọ́n má lọ.

Ọmọ wọn ti wà nílé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì nígbà náà, ó máa ń wálé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun ló ń wẹ ojú ọgbẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kàn ń sùn ṣáá. Wọ́n á máa sùn bí ìkókó, láàárọ̀, lọ́sàn-án, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn kò gbọ́. Nígbà tí oorun tán lójú wọn, ọ̀rọ̀ sísọ ló gba ipò rẹ̀. Wọ́n ń bá àwọn oníbàárà mi sọ̀rọ̀, wọ́n ń bá alákàrà sọ̀rọ̀, wọ́n ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kọjá sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń jí mi lọ́wọ́ ìdájí láti sọ àlá tí kò nítumọ̀. Mi ò bínú sí wọn.

Ọgbẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹnu dé láti etí wá sí àárín. Ìpara tí kò ṣiṣẹ́ ní Lágelú yìí náà la ṣì ń lò. Mi ò ní ìmọ̀ dókítà, mi ò sì lè búra lé nǹkan kan. Mo kàn ń sọ ohun tí mo fi ojú mi rí. Ẹnu wọn kò sè mọ́, ọ̀fìnkìn lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn sì kún.

Àlàáfíà yẹn ló mú wọn padà, nítorí wọ́n rò pé wọ́n ti lágbára tó. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí fẹ́ fi ọkọ wọn jẹ Bàbá Àdínì. Báwo ni Bàbá Àdínì yóò ṣe máa jókòó láìsí ìyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́? Olórí ẹbí kó àwọn ènìyàn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn kan náà tó béèrè ẹ̀sùn ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní ìyá rere báyìí. Wọ́n ní ọkọ wọn ti ṣèlérí níwájú lèmọ́mù pé òun yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ẹ má lọ." Mo sọ ọ́ lójú gbogbo àlejò.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bí mi ò bá lọ, ọmọ mi ni wọ́n máa sọ pé ó tú ilé bàbá rẹ̀ ká. Ta ló máa fẹ́ ọmọ bẹ́ẹ̀?"

Mo wà níbi ìfinijoyè náà. Láàárín àdúrà, ọkọ wọn yíjú sí wọn, ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ pé, "Ìyá, ẹ jókòó tì mí." Àwọn obìnrin pariwo ayọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, omi ń bọ́ lójú wọn. Omi bọ́ lójú tèmi náà, mi ò ní purọ́. Nígbà tí àlejò tán, tí ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ̀gbọ́n mi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé kí n bu oúnjẹ?" Ó ń bọ́ agbádá rẹ̀. Ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ó lọ jókòó síta.

Mo bi wọ́n lórí fóònù ìdí tí wọn kò fi padà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní, "Bóyá òun náà ń fẹ́ sọ ọ́. Ó ti pẹ́ jù ni. Kò mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀." Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀. Bóyá òótọ́ ni. Bóyá ọkùnrin náà ti há sínú ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Kò mú mi ṣàánú rẹ̀.

Nínú ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, ikọ́ mú wọn. Gbogbo abúlé ló ń húkọ́ nínú eruku yẹn. Àwọn tó kù mu àgúnmu, wọ́n mu tíì, wọ́n yé húkọ́. Ti ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀ sínú àyà. Wọn kò pè mí, wọ́n rò pé ó máa lọ. Obìnrin tí wọ́n jọ ń yan gàrí ló pè mí, nígbà tí mo fi dé, èémí wọn ti ń dún bí ẹni ń wọ́ pákó nílẹ̀. Ọkọ wọn wà lójúde, ó ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa òjò tí yóò rọ̀. Mo gbé wọn sínú ọkọ̀, ọ̀nà eruku yẹn ń gbé orí wọn sókè sódò lórí itan mi. Ní ilé ìwòsàn wọ́n ní òtútù àyà ni, wọ́n fa omi sí wọn lára, wọ́n fún wọn ní afẹ́fẹ́, wọ́n sa gbogbo agbára wọn. Ara wọn kò jà. Dókítà kan sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé oògùn ń ṣe tirẹ̀, ara kò bá a ṣe é.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún mi kẹ́yìn kò kan ọkọ wọn. Wọ́n ní kí n rí i pé ọmọ wọn jẹun.

A sin wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n kú. Nígbà tí wọ́n ti kírun sí wọn lára, ọkọ wọn jáde síwájú, ó dúró létí sàréè, ó sì lanu. Ó pe oríkì wọn. Ó sọ bó ṣe rí wọn lọ́jọ́ kìíní pẹ̀lú igbá lórí, ó sọ bí wọ́n ṣe gbé ọmọ pọ̀n lọ sóko, ó sọ pé irú wọn kò tún sí ní gbogbo Lágelú. Ó sunkún. Àwọn ọkùnrin mú un lápá. Àwọn ènìyàn ń wí fúnra wọn pé ọkùnrin yìí mà fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Ọmọ wọn dúró tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mi ò lọ sí fìdáù ọjọ́ kẹjọ.

Ọkùnrin náà ti fẹ́ ìyàwó mìíràn. Wọ́n ní ilé náà dùn, wọ́n ní ó ń bá a sọ̀rọ̀ dáadáa.

Kò sí àgọ́ ọlọ́pàá tí mo lè mú irú ẹjọ́ yìí lọ. Kí ni màá wí? Pé ọkùnrin kan dákẹ́? Òtútù àyà ló pa wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n mo mọ obìnrin tí ibà kò lè gbé dè, mo sì mọ ìgbà tí ara wọn yí padà.

Láìpẹ́ yìí, ẹnu èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sè. Mo máa ń jí lóru, màá dùbúlẹ̀, màá máa bá ọkùnrin yẹn jà nínú ọkàn mi, màá máa sọ ohun tí mi ò sọ létí sàréè, títí wọ́n á fi pe ìrun àsùbáà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ti di nọ́ọ̀sì báyìí, ní kí n la ẹnu kóun wò ó. Ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà ń ṣàlàyé."

Mo ní, "Mo wà níbẹ̀."

"Ṣé ẹ wá fẹ́ kí n pàdánù yín náà ni?"

Ó bi mí bóyá mo sùn lánàá, mo ní mo sùn. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ka oògùn sí mi lọ́wọ́, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́.